Ta Ni Mẹ̀kúnnù?
Èrò mi ni pé iye owó nìkan kọ́ ni ènìyàn fi ń mọ ipò ara rẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó fi ara rẹ̀ wé. Ní Ìjerò, Àràmọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, owó kòkó ni ọ̀pọ̀ fi kọ́lé. Nígbà tí owó Udoji dé ní 1975, owó òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù lọ kúrò ní ₦312 lọ́dún, ó di ₦720. Àgbẹ̀ kò gba Udoji, ṣùgbọ́n ọjà ọ̀wọ́n kan náà ló ń ná. Oko rẹ̀ kò dín. Ipò rẹ̀ ló dín lójú ara rẹ̀. Akọ̀wé tó gbà á ń wo ọ̀gá rẹ̀, òun náà ní mẹ̀kúnnù lòun. Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Kí àwa olówó oṣù tó sọ̀rọ̀ lórúkọ mẹ̀kúnnù, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni a fi ara wa wé?