Ojú Tí Ń Wo Arúgbó ní Ìbàdàn

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Mo rò pé kò sí ọmọ Yorùbá kan tí a kò tíì pa òwe yìí fún rí, pàápàá ní ọjọ́ tó bá kọ̀ láti lọ pọnmi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yẹ òwe náà wò fínnífínní, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ó sọ ẹni tí yóò fún àgbà ní ọmú. Kò sọ ọ̀nà tí a ó fi mọ̀ bóyá àgbà náà ń mu yó. N kò rò pé àwọn baba wa gbàgbé rẹ̀. Ní ayé tiwọn, gbogbo agbo ilé ló ń wo ẹnu àgbà. Nísinsìnyí tí àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ láti bá a tọ́jú òbí rẹ̀ nínú ilé tó ní géètì àti ọlọ́dẹ, ọ̀rọ̀ náà ti di ìbéèrè gidi: báwo ni a ó ṣe mọ ilé tí ìtọ́jú rẹ̀ dára yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ nìkan ló dára? Ìtàn ìlú Ìbàdàn yìí ní ìdáhùn díẹ̀ fún wa, òun ni mo sì fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè kò lè ṣe kó má kíyè sí ọ̀rọ̀. "Ìtọ́jú" ni Yorùbá ń pe iṣẹ́ yìí, tàbí "àbójútó". Ojú wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ọwọ́ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó kò sí níbẹ̀.

Ní Ìbàdàn àtijọ́, ní àdúgbò bí Ìdíkàn, Bẹẹrẹ àti Òkè Àrẹ̀mọ, yàrá ìyá arúgbó kì í jìnnà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí oòrùn bá wọ agbo ilé tí wọn kò tíì rí i níta, ẹnìkan á ké sí i. Bí ìyàwó ilé bá gbé ẹ̀kọ tútù fún un láìsí ọbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú àwọn orogún ti gbọ́. Àwọn ọmọbìnrin ilé tí wọ́n ti lọ sílé ọkọ yóò sì gbọ́ kí ọjà tó tú. Kò sí ẹni tó ń kọ ohunkóhun sílẹ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ni, ojoojúmọ́ sì ni. N kò sọ pé ọ̀run rere ni agbo ilé o. A ti gbọ́ nípa ìyá arúgbó tí wọ́n pè ní àjẹ́ nítorí pé ó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, a sì ti gbọ́ nípa bàbá afọ́jú tí gbogbo ilé fi lé ọmọ ọdún méje lọ́wọ́. Ojú púpọ̀ lè wo nǹkan kan náà kí gbogbo wọn sì mójú kúrò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò rí i.

Ní 1958 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa kọ́ ilé fún àwọn ará ìlú, Bódìjà sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé ọkọ, aya àti ọmọ ni wọ́n kọ́ síbẹ̀: yàrá mélòó kan, ọgbà tó yí i ká, ilé ọmọ-ọ̀dọ̀ lẹ́yìn. Àwọn akọ̀wé ìjọba, olùkọ́ àti dókítà tó kó wọ ibẹ̀, ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn. Ìyá àti bàbá wọn ṣì wà ní agbo ilé. Ta ni yóò rò ó nígbà náà pé ọkọ àti aya wọ̀nyí yóò di arúgbó nínú ilé kan náà, tí ọmọ kan yóò wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí èkejì yóò wà ní Houston, tí aládùúgbò kò sì ní rí ju òrùlé wọn lọ? Ohun tó dé nìyẹn, kì í sì í ṣe ní Bódìjà nìkan. Ẹ lọ wo Ring Road, ẹ lọ wo Challenge.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ọsibítù ti kọ́ wa bí a ti í fi ènìyàn wa sílẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Òfin tó dá Ọsibítù Yunifásítì Kọ́lẹ́jì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní UCH, sílẹ̀ jáde ní 1952. Adéọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn níṣẹ́ kí ilé tuntun náà tó parí. Ní 20 November, 1957 ni a ṣí i. Ní 1964 Ìyáàfin Kọ́fowórọlá Àbẹ̀ní Pratt di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Láti 1946 ni ó ti lọ kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù St Thomas's ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860. Nightingale yìí ni ó lọ sí Scutari ní ilẹ̀ Tọ́kì ní 1854, tó rí i pé àìsàn inú ọsibítù ń pa àwọn ọmọ-ogun ju ọgbẹ́ ogun lọ. Nígbà tó padà sílé, nọ́ńbà ló fi bá ìjọba jà: mélòó ló kú, kí ló pa wọ́n, oṣù wo. Èyí ni ohun tí nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ mú wá tí agbo ilé kò ní. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé a gbọdọ̀ máa yí ẹni tó dùbúlẹ̀ pẹ́ padà, kí egbò má bàa yọ sí i ní ìdí àti ní gìgísẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ nìkan kò lè mọ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwé àti aṣọ funfun ni wákàtí ìbẹ̀wò tún dé. Agogo á lù, ẹbí á jáde, tàwọn ti fúláàsì ọbẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, bí nǹkan ṣe ń lọ lóru di ọ̀rọ̀ tí a ní láti gbà gbọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn dókítà wa kò gbà pé dandan ni kí ẹbí dúró lẹ́nu géètì. Ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní 1954, Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká. Ẹbí kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Kì í ṣe arúgbó ni wọ́n kọ́ Arò fún, mo mọ̀. Síbẹ̀ ohun tí Lámbò ṣe kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n: ó mú ìmọ̀ dókítà, ó mú ojú ẹbí, ó sì so wọ́n pọ̀. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn níbí lẹ́yìn náà. Ó ń yà mí lẹ́nu pé a ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn tó bẹ́ẹ̀, a kò sì mú nǹkan tó ṣe yìí wọ inú ìtọ́jú àwọn àgbà wa.

Àwọn Òyìnbó tí a ti kọ́ wákàtí ìbẹ̀wò lọ́dọ̀ wọn ti rí ìyà rẹ̀ jẹ ṣáájú wa. Ní 1962 ni Peter Townsend tẹ ìwé The Last Refuge jáde. Ilé arúgbó 173 ni òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀ wò ní England àti Wales. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé tí wọ́n ń kó àwọn òtòṣì sí tẹ́lẹ̀. Kò fi mọ sí bíbi àwọn alábòójútó léèrè. Ó gba iṣẹ́ wíwẹ àwọn arúgbó nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà fún ìgbà díẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí èyí. Ọ̀mọ̀wé ni, ó sì mọ̀ pé ibi ìwẹ̀ ni òótọ́ wà, nítorí pé níbẹ̀ ni ènìyàn wà ní ìhòòhò níwájú ẹni tó ń gbowó oṣù. Lónìí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ló ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston, tí wọ́n ń wẹ ìyá olóyìnbó, tí wọ́n sì ń fi lára owó náà ránṣẹ́ sílé kí ẹlòmíràn lè wẹ ìyá tiwọn.

Ní 1966 Avedis Donabedian, ọmọ ilẹ̀ Àméníà tí a bí ní Beirut, kọ àròkọ kan ní Amẹ́ríkà lórí bí a ṣe lè díwọ̀n ìtọ́jú. Ó ní ohun mẹ́ta ni ká wò: ohun tó wà nílẹ̀ fún iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, àti ohun tó ti ibẹ̀ jáde lára ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Ìkíní ló rọrùn jù láti rí; òun náà ló sì ń tan ènìyàn jẹ jù, bí èmi ti rò ó. Nígbà tó di 1987, òfin Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba máa wọ ilé arúgbó láìsọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì bi àwọn arúgbó fúnra wọn léèrè. Láti 2008 ni wọ́n ti ń fi ìràwọ̀, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún, fún ilé kọ̀ọ̀kan kí gbogbo ayé lè rí i.

Kí ni tiwa? Ní 17 November, 2012, UCH ṣí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí a fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè, èyí tí a kọ́kọ́ kọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti pé 60 ọdún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ohun ńlá ni, ṣùgbọ́n ọsibítù ni, kì í ṣe ibi tí ènìyàn yóò máa gbé títí ọjọ́ fi alẹ́. Òfin 2017 sì dá ibùdó ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Nínú gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ tí inú mi dùn sí jù ni ti Ìdíkàn, tí àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Indianapolis bẹ̀rẹ̀ ní 1992 lórí àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà. Nínú ìwádìí náà, wọn kò bi arúgbó nìkan ní ìbéèrè. Wọ́n tún ń jókòó ti ìbátan rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n dáadáa láti bi í bóyá ìṣe rẹ̀ ti yí padà. Sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ gbà pé ojú ẹbí jẹ́ ẹ̀rí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo ń sọ. Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Agbowó. Láti ìgbà tó ti ṣubú ní balùwẹ̀, àbúrò bàbá mi tó wà ní Kánádà ti ń sọ pé òun yóò sanwó kí á fi wọ́n sí ilé ìtọ́jú kan ní apá ìlú tuntun yìí. Èmi ni wọ́n rán lọ wo ibẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè kì í ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Táìsì ilẹ̀ ń dán. Ẹ̀rọ amúnáwá wà, tẹlifíṣọ̀n ńlá wà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí obìnrin tó ni ibẹ̀, ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi, sọ fún wọn nílé kí wọ́n fọkàn balẹ̀." Àwọn ìyá mẹ́fà jókòó, wọ́n kọjú sí fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ìyá kan béèrè omi. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí omi náà tó dé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ìwé tí wọ́n ń kọ oògùn sí. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni, wọ́n sì ti sàmì sí oògùn alẹ́ ọjọ́ náà pé wọ́n ti lò ó. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń sun ibẹ̀ tì wọ́n. Ọjọ́ Àìkú, láti aago méjì sí mẹ́rin, ni ẹbí lè wá, "kí ọkàn àwọn màmá má bàa dàrú." Síbẹ̀ mo rí ọmọbìnrin kan níbẹ̀, kò lè jù mí lọ, tó ń gé èékánná fún ìyá arúgbó kan, tó sì ń fi oríkì rẹ̀ pè é. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín. Bí gbogbo ilé náà bá rí bí apá ibi tí ọmọ yẹn jókòó sí, ǹ bá ti ní kí wọ́n san owó ní ọjọ́ náà.

Mo kọ̀wé sí Kánádà. N kò sọ̀rọ̀ nípa táìsì. Mo kọ nípa omi, mo kọ nípa oògùn alẹ́ tí wọ́n lò láàárọ̀, mo kọ nípa ẹnìkan ṣoṣo lóru àti wákàtí méjì lọ́sẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé kò tíì sí ẹni tó bi Ìyá Àgbà léèrè nínú gbogbo wa. Àbúrò bàbá mi fèsì pé bí wọ́n bá tilẹ̀ gba ìbẹ̀wò lójoojúmọ́, ta ni nínú wa yóò máa lọ? A ó jókòó lé e lórí ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìyá Àgbà ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.