Solomon Hochoy: Ọmọ Blanchisseuse tó jẹ gómìnà ìkẹyìn fún Gẹ̀ẹ́sì ní Trinidad

Lọ́dún 1960 tí Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, di gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ọdún náà gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Solomon Hochoy jẹ gómìnà Trinidad àti Tobago, àwọn erékùṣù tó wà nítòsí Venezuela, níbi tí wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó àti Ògún títí dòní. Ṣáájú rẹ̀, òyìnbó tí wọ́n rán wá láti òkèèrè ló máa ń jókòó sórí àga yẹn. Hochoy kì í ṣe òyìnbó, kì í sì í ṣe aláwọ̀ dúdú. Ọmọ Ṣáínà làwọn òbí rẹ̀, ẹ̀yà Hakka ni wọ́n.

Jàmáíkà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1905, àmọ́ ọmọ kékeré ló wà tí wọ́n fi gbé e wá sí Trinidad. Abúlé kan létí òkun níhà àríwá, tó ń jẹ́ Blanchisseuse, ló dàgbà sí. Ó ka ìwé ní St Mary's College ní Port of Spain, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé lásán.

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló gbé e ga. Ní oṣù kẹfà ọdún 1937, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì tí Uriah Butler kó sòdí yanṣẹ́ lódì ní Fyzabad. Ó di rògbòdìyàn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ibẹ̀ ni ìjọba amúnisìn ti rí i pé ìbọn nìkan ò lè parí ọ̀rọ̀, wọ́n wá ní láti ní àwọn tí yóò máa pẹ̀tù sí aáwọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Iṣẹ́ yìí ni Hochoy bọ́ sí lọ́dún 1944, nígbà tó sì di 1949, òun ni kọmíṣọ́nà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá mọ bí ìjọba àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe máa ń wọ̀yá ìjà nílẹ̀ wa níbí á mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe kékeré.

Lọ́dún 1956, ó di akọ̀wé àgbà ìjọba, igbákejì gómìnà ni ká kúkú pè é. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú Dókítà Eric Williams wọlé ìbò. Nítorí náà, bí Hochoy ṣe ń gun àkàbà lọ sókè ni agbára ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn olóṣèlú nísàlẹ̀. Nígbà tó fi máa dé orí àga gómìnà, Williams ló ń darí ìlú.

Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1962, wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀. Ní Nàìjíríà, James Robertson, òyìnbó, ló ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, kí Zik tó gbapò rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1960. Ti Trinidad yàtọ̀. Hochoy ò lọ síbì kankan. Gómìnà amúnisìn tó sùn lálẹ́ ló jí gẹ́gẹ́ bí gómìnà àgbà àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè olómìnira, ó ṣì ń ṣojú Ọbabìnrin Elizabeth.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí hàn lọ́dún 1970. Àwọn ọ̀dọ́ tú síta ní Port of Spain, wọ́n ń wọ́de pé òmìnira ti pé ọdún mẹ́jọ, síbẹ̀ ọwọ́ àwọn àjèjì àti àwọn òyìnbó díẹ̀ ni ọrọ̀ ìlú ṣì wà. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹrin, wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì ń kó àwọn aṣáájú ìwọ́de. Àwọn ológun kan ṣọ̀tẹ̀ ní bárékè Teteron. Ìbọn ńlá tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun yìn ló dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Williams ló pinnu, orúkọ Hochoy ni ìkéde náà fi jáde. Bí òfin ṣe wí nìyẹn, ipò rẹ̀ ò fún un láyè láti sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó wà látìmọ́lé, orúkọ tó wà lábẹ́ àṣẹ ṣáájú òmìnira náà ló tún wà níbẹ̀.

Ó fipò sílẹ̀ lọ́dún 1972, Ellis Clarke sì rọ́pò rẹ̀. Ó kú lọ́dún 1983. Orúkọ rẹ̀ ni òpópónà márosẹ̀ tó gba àárín ilẹ̀ Trinidad lọ sí San Fernando ń jẹ́.