Fífi ilẹ̀ tí òfin dè dógò ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Fífi ilẹ̀ tí òfin dè dógò ní Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀yáwó tí ó kan ẹni tí ó fẹ́ fi ilẹ̀ tàbí ilé rẹ̀ dúró fún owó báńkì, nígbà tí ìjọba ti fi ààlà sí ohun tí a lè kọ́ sórí ilẹ̀ náà tàbí tí ó ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ilé lè dúró dáadáa, kí ayálégbé kún inú rẹ̀, síbẹ̀ kí báńkì má yá onílé ní kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ìdí ni pé kì í ṣe búlọ́ọ̀kù àti páànù ni báńkì ń gbà ní ìdógò, bí kò ṣe ẹ̀tọ́ tí onílé ní lórí ilẹ̀. Bí àbùkù bá wà lára ẹ̀tọ́ yẹn, kò sí ohun tí báńkì lè tà bí gbèsè bá di àìsan.

Ìdógò láyé àtijọ́

Àwọn Yorùbá ti mọ fífi oko dógò tipẹ́, pàápàá ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń gbin kòkó. Ẹni tí ó yáni lówó a gba oko, a máa jẹ èso rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a ó dá owó rẹ̀ padà. Oko náà kò di tirẹ̀, bó ti wù kí ọdún pọ̀ tó, nítorí pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí. Ní 1921, Olóyè Amodu Tijani, Oluwa ti Èkó, jàre ní iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ilẹ̀ Apapa tí ìjọba amúnisìn gbà, ìdájọ́ náà sì fi ẹ̀tọ́ ẹbí àti àwùjọ lórí ilẹ̀ hàn gbangba. Ohun tí báńkì òde òní ń fẹ́ yàtọ̀ pátápátá sí èyí: kò fẹ́ jẹ èso, ó fẹ́ agbára láti tà.

Òfin 1978 àti ìfọwọ́sí gómìnà

Òfin Lílo Ilẹ̀, tí ìjọba ológun Olusegun Obasanjo gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa bójú tó o fún àwọn ará ìlú. Abala 22 sọ pé ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á tàbí fi í dógò láìgba ìfọwọ́sí gómìnà. Abala 26 sì sọ pé ohunkóhun tí a bá ṣe lòdì sí òfin náà di òfo.

Bí òfin yìí ti le tó hàn ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo. Wọ́n ti fi ilé dógò fún báńkì láìsí ìfọwọ́sí gómìnà. Nígbà tí báńkì fẹ́ ta ilé náà nítorí gbèsè, ayáwó fúnra rẹ̀ ni ó lọ sọ fún ilé-ẹjọ́ pé ìdógò tí òun ṣe kò bófin mu. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà pẹ̀lú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣáájú 1978 ni ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ náà ti wà. Ìdájọ́ náà ṣòroó gbọ́ létí ẹni tí ó bá ń wo ìwà ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ohun tí òfin wí ni. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe Light Industries àti Chinukwe, ilé-ẹjọ́ kan náà dẹ okùn díẹ̀: báńkì àti ayáwó lè kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n ìdógò kò tíì pé títí ìfọwọ́sí gómìnà yóò fi dé.

Ilẹ̀ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ayáwó ti ń kọsẹ̀. Ìjọba Èkó ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ púpọ̀, àwọn mìíràn fún iṣẹ́ kan pàtó bíi ojú ọ̀nà tàbí ilé ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn lápapọ̀ láìtíì sọ ohun tí a ó fi wọ́n ṣe. Ti àkọ́kọ́ kì í sábà ṣeé gbà padà. Ní ti ìkejì, abúlé lè tọrọ kí ìjọba yọ apá kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Èyí ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ń pè ní excision, a sì máa ń tẹ ìwọ̀n àti ààlà ilẹ̀ náà sínú gásẹ́ẹ̀tì ìjọba.

Gásẹ́ẹ̀tì abúlé kan kì í bo gbogbo ilẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ abúlé náà. Àwọn kan a fi gásẹ́ẹ̀tì tòótọ́ han olùrà, wọn a sì ta ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ààlà rẹ̀ fún un. Ìdí nìyí tí agbẹjọ́rò báńkì fi ń mú ìwé súfèè lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá-àgbà Awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ ní Alausa, kí wọ́n lè gbé ilẹ̀ náà lé orí máàpù ìjọba. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ àti àdéhùn tí a ṣe níwájú baálẹ̀ kò lè rọ́pò àyẹ̀wò yìí.

Ìdènà lórí ìkọ́lé

Ilẹ̀ tí ó ní ìwé C of O pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ìdènà. A gbọ́dọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́bàá ojú ọ̀nà, ojú àgbàrá àti abẹ́ wáyà iná ńlá, ilé tí a sì kọ́ sórí àlàfo yẹn lè di wíwó. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní 2003 pé ìpínlẹ̀ ni ó ni agbára lórí ètò ìkọ́lé. Nítorí náà báńkì a béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé ìpínlẹ̀, a sì yọ apá tí ó wà lórí àlàfo kúrò nínú iye tí ó dá lé ilé.

Ohun tí báńkì ń bẹ̀rù

Abala 28 fún gómìnà lágbára láti fagi lé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ nítorí ànfàní gbogbogbòò. Owó gbà-má-bìínú tí abala 29 là sílẹ̀ dá lé ilé àti irè oko. Ní ti ilẹ̀ gan-an, kìkì owó ilẹ̀ tí a san fún ìjọba ní ọdún náà ni. Abala 51 sì sọ pé ẹni tí ó gba ìdógò kò sí lára àwọn tí òfin kà sí onílẹ̀. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ayáwó ni ìjọba ń wá láti san owó fún, kì í ṣe báńkì.

Àwọn òṣìṣẹ́ ni èyí ń dùn jù. Òfin Àpò Owó Ilé ti 1992 ń gba ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn, Federal Mortgage Bank sì ń fi owó náà yáni ní èlé ìdá 6, tí ó rọjú gidigidi ju ti báńkì ìṣòwò lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni a ń yáwó náà lé. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé, nítorí pé òun ni owó rẹ̀ ká, ń dá owó sínú àpò tí kò lè yá nínú rẹ̀, a sì máa fi àjọ àti owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ́lé díẹ̀díẹ̀.

Ilẹ̀ etí omi

Òfin kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1993 sọ ilẹ̀ tí ó wà láàárín 100 mítà sí etíkun ọdún 1967 di ti ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ tí a bá kún láti inú òkun tàbí ọ̀sà. Èkó àti Abuja ti ń jiyàn lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Lórí rẹ̀, báńkì a máa wádìí lọ́dọ̀ ìjọba méjèèjì kí ó tó fi owó sílẹ̀.