Ìwé Ìrìbọmi àti Wíwá Orírun Ìdílé: Ẹ̀kọ́ láti Írẹ́lándì fún Àwọn Ọmọ Sàró àti Àgùdà

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ, pàápàá ìwé ìrìbọmi, ṣe wúlò fún wíwá orírun ìdílé. A wo ìrírí ilẹ̀ Írẹ́lándì, a sì fi wé ti àwọn Sàró àti Àgùdà nílẹ̀ Yorùbá. Èrò wa ni pé ìwé nìkan kò tó, oríkì nìkan kò sì tó. Ẹ̀rí méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé kí orírun tó hàn.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Láyé àtijọ́, agbo ilé àti oríkì ló ń dáhùn ìbéèrè orírun. Ogun àti òwò ẹrú tú ọ̀pọ̀ agbo ilé ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lónìí, wíwá oúnjẹ òòjọ́ náà ń tú wọn ká. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Gagi níhìn-ín lè mọ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, kó má sì mọ agbo ilé tí bàbá náà ti wá. Bẹ́ẹ̀, ní Sókótó tí a wà yìí, kíkọ ìtàn ìran sílẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Muhammad Bello kọ Infaq al-Maysur, ó sì mẹ́nu ba orírun Yorùbá pàápàá nínú rẹ̀. Ìbéèrè wa ni èyí: kí ni àkọsílẹ̀ lè ṣe fún ẹni tí okùn ìdílé rẹ̀ ti já?

Ìrírí ilẹ̀ Írẹ́lándì

Ìyàn ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Írẹ́lándì ní 1845 pa nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn, ó sì lé nǹkan bí mílíọ̀nù kan mìíràn kúrò nílé. Àtọmọdọ́mọ wọn ṣì ń wá orírun kiri títí dòní. Ìdènà ńlá kan wà lọ́nà wọn: ní ìparí oṣù Kẹfà 1922, nígbà ogun abẹ́lé, iná jó ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Four Courts ní Dublin. Ìwé ìkànìyàn 1821 sí 1851 fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná tán, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìwé ìjọ Áńgílíkà. Ìwé ìjọ Kátólíìkì ní tirẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn àlùfáà ní páríṣì kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyí tó fi yè. Nígbà tó sì jẹ́ pé 1864 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìbí gbogbo ènìyàn sílẹ̀, ìwé páríṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní láti gbójú lé fún àwọn tó ti wà ṣáájú. Ní 2015, Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Írẹ́lándì gbé àwòrán àwọn ìwé wọ̀nyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Àkọsílẹ̀ ìrìbọmi sábà máa ń ní ọjọ́, orúkọ ọmọ, ti bàbá, ti ìyá pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá rẹ̀, àti ti àwọn tó dúró fún ọmọ. Àwọn tó dúró fún ọmọ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ẹbí tàbí aládùúgbò ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Bí orúkọ kan náà bá pọ̀ ní páríṣì, àwọn ni olùwádìí fi ń mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀.

Àwọn Sàró

Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, Freetown ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Akọ̀wé á kọ orúkọ abínibí, ọjọ́ orí àfojúdá, gíga àti àmì ara wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn tó bá gba ẹ̀sìn á ṣe ìrìbọmi, wọn á sì gba orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Àárín ìwé méjì yìí ni okùn ti ń já.

Ẹ jẹ́ kí a wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoogùn ní 1821, wọ́n gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá 1825. Orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fún un. Ẹni tó bá ń tọ orúkọ Crowther lọ, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò gúnlẹ̀ sí. Ní 1846, Àjàyí tún rí Afala ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ìwé kọ́ ló so wọ́n pọ̀. Ìyá náà àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mìíràn ló wá a wá. Ní 1848, ìyá ṣe ìrìbọmi, ó di Hannah. Ìyá àti ọmọ wá ń jẹ́ orúkọ tí kò fi Òṣoogùn hàn rárá.

Àwọn mìíràn tún pa orúkọ dà padà. David Brown Vincent di Mojola Agbebi ní 1894. Olùwádìí tó bá mọ ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì yóò sọ ìdajì ìtàn nù.

Àwọn Àgùdà

Ní Bahia, nagô ni àwọn akọ̀wé máa ń pe Yorùbá. Nínú ìwé ìrìbọmi ẹrú, orúkọ olówó rẹ̀ sábà máa ń hàn ju orúkọ abínibí rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀pọ̀ gba òmìnira, orúkọ olówó wọn ni wọ́n mú. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Salvador ní 1835, títí kọjá 1888 tí oko ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀ ní Bùràsíìlì, wọ́n ń padà sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Wídà. Nítorí náà, bí ìdílé méjì bá ń jẹ́ da Silva, kò túmọ̀ sí pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó kù díẹ̀ kí a fi kún un pé láti 1912 tí ẹgbẹ́ àlùfáà SMA ti ní ẹ̀ka Írẹ́lándì, àwọn àlùfáà Írẹ́lándì wà lára àwọn tó ń kọ ìwé ìrìbọmi nílẹ̀ Yorùbá.

Níbi tí oríkì ti ń ran ìwé lọ́wọ́

Ìwé ní déètì, oríkì orílẹ̀ kò ní in. Oríkì orílẹ̀ mọ Ìkòyí yàtọ̀ sí Ọ̀fà. Akọ̀wé Freetown kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ akọ̀wé náà kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, etí Yorùbá sì lè tún un ṣe. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn ń tọ́ka sí ìdílé onílù, Ọdẹ sí ti ọdẹ, Ọ̀jẹ̀ sí ti eégún. Àjàyí ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, kò lè fi ìdílé kankan hàn. Bí àkọsílẹ̀ bá sọ̀rọ̀ ilà ojú, ẹni tó mọ àbàjà yàtọ̀ sí pélé lè rí ọ̀nà tẹ̀ síwájú.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú tún wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, ẹni tí a fi owó rà wọ inú ìdílé ti di ọmọ ilé, àwọn àgbà kì í sì í fẹ́ kí a tú u sójú táyé, torí ilẹ̀ àti oyè. Ìwé kò mọ irú àpọ́nlé bẹ́ẹ̀. Ohun tó rí ló ń kọ. Olùwádìí gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n àgbà gbé àbájáde rẹ̀ kalẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A dábàá ohun mẹ́ta. Èkíní, kí àwọn ìjọ ya àwòrán ìwé ìrìbọmi wọn àtijọ́ kí ikán àti ọ̀rinrin tó jẹ wọ́n tán, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà pa mọ́ síbi tó ju ọ̀kan lọ. Iná Dublin ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Èkejì, kí ẹ̀ka Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ sọ gbígba oríkì orílẹ̀ sílẹ̀ di iṣẹ́ àṣetiléwá, pàápàá fún akẹ́kọ̀ọ́ tí a bí sókè Ọya. Ẹ̀kẹta, kí òbí tó wà ní Gagi tàbí ibòmíràn kọ orúkọ agbo ilé àti àdúgbò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ. Ìwé ẹ̀rí náà yóò sọ pé Sókótó ni wọ́n ti bí i. Àwa òbí nìkan ló lè sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.