Àmì Ìsàlẹ̀: Láti Àgbádárìgì dé Ojú Ewé HTML

Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ikú Ṣódẹkẹ́ àti ogun tó dí ọ̀nà kò jẹ́ kí wọ́n tètè kọjá. Ó lé ní ọdún kan kí ọ̀nà tó là. Ní etíkun yìí ni Crowther ti ń wàásù, tí ó sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ lọ. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ ti jáde ní 1843, ṣùgbọ́n ìṣòro kan ṣì wà nílẹ̀: lẹ́tà àwọn Òyìnbó kò tó fún ìró èdè náà. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà ni wọ́n fi yanjú rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ìpàdé tí àwọn ìjọ ṣe ní Èkó ní 1875 fìdí ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí akọtọ́ òde òní ní 1974.

Ìṣòro yìí kan náà ló tún padà wá lójú kọ̀ǹpútà. Ní 1991 ni Tim Berners-Lee, tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní Swítsáláǹdì, gbé ìtàkùn àgbáyé jáde fún aráyé. HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú ewé rẹ̀, kò le rárá. Notepad lásán tó o. Méjì-méjì ni àwọn àmì rẹ̀ sábà máa ń rìn: ọ̀kan ṣí ìpínrọ̀ tàbí àkọlé sílẹ̀, èkejì pa á dé. Ọmọ ilé-ìwé tó bá fara balẹ̀ lè mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọmọ náà kọ orúkọ ara rẹ̀! HTML 2.0 ti ọdún 1995 dúró lórí àtẹ lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní ISO 8859-1. Àtẹ yìí ní á, è àti ò, nítorí pé àwọn èdè ilẹ̀ Yúróòpù kan nílò wọn. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn, ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń tọrọ ìdáríjì fún, ẹ̀ṣẹ́ tí abẹ̀ṣẹ́ ń jà, gbogbo wọn di "ese". Àwọn kan ṣe fọ́ǹtì àkànṣe, tí wọ́n fi lẹ́tà Yorùbá sí ipò àmì mìíràn. Ẹni tí kò bá ní fọ́ǹtì náà yóò rí wótowòto lójú ewé.

HTML 4.0, tó jáde ní oṣù kejìlá 1997, ló ṣílẹ̀kùn. Ó gba Unicode wọlé, níbi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà: 7865 ni ẹ, 7885 ni ọ, 7779 ni ṣ. Akọ̀wé yóò kọ & àti # ṣáájú nọ́ńbà, yóò sì fi ; parí rẹ̀. Lóde òní, kò di dandan mọ́ láti kọ nọ́ńbà. Bí a bá sọ fún ojú ewé pé UTF-8 ni yóò lò, lẹ́tà yóò wọlé bó ti rí. Ìlà yìí, pẹ̀lú lang="yo" tó ń sọ èdè ojú ewé, ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ Yorùbá, kí wọ́n tó fi àwọ̀ mèremère hàn án.

Àmì ohùn nìkan ló ṣì ń ṣe àgídí. Unicode kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́: a lè to ẹ pọ̀ mọ́ àmì òkè, a sì lè to é pọ̀ mọ́ àmì ìsàlẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ tí a kò bá kọ́ dáadáa, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ní ìwọ̀-oòrùn Àgbádárìgì, lẹ́yìn ẹnubodè Sèmè, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Láti 1975 ni akọtọ́ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ti ń lo ɛ, ɔ àti sh. Nọ́ńbà 603 àti 596 ni ɛ àti ɔ. Bí ará Àgbádárìgì bá kọ ọ̀rọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìbátan rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ sì wá a ní akọtọ́ tirẹ̀, àwọn méjèèjì lè máà pàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ.