Ibùdókọ̀ Rélùwéè: Ogún Ta Ni?

Ẹni tí a bí ní Ìsinbọ̀dé-Èkìtì lè béèrè pé kí ni ó kan òun nínú ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ rélùwéè. Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu, nítorí pé àwọn Òyìnbó tí ó la ojú irin kò là á gba ilẹ̀ Èkìtì. Láti Ìddó ní Èkó ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1896. Ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Láti ibẹ̀ ó kọrí sí Ìlọrin, ó sì fi Èkìtì sílẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú irin kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń fi ẹsẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ. Kí mọ́tò tó wọ́pọ̀, orí ni a fi ń ru ẹrù gba ojú ọ̀nà igbó. Àwọn ilé-iṣẹ́ òwò Òyìnbó wá dó sí Òṣogbo. Ibẹ̀ ni ẹrù ilẹ̀ òkè ń wọ ọkọ̀. Ibẹ̀ náà sì wà lára ibi tí àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ti ń ra aṣọ tí wọ́n ń tà láwìn káàkiri Èkìtì. Nítorí náà, ibùdókọ̀ Òṣogbo kì í ṣe ti ará Òṣogbo nìkan.

Kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a kò bá tọ́jú irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Ẹ wo rélùwéè kékeré tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá Carter láti Ìddó wọ Erékùṣù Èkó ní 1902. Ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ péré ni ìbú ojú irin rẹ̀, nígbà tí ti ńlá jẹ́ mẹ́ta àbọ̀. Ó gbé èrò, ó gbé ẹrù, ó sì ń kó ìgbẹ́ ìlú lọ dànù. Ní 1933 ni iṣẹ́ rẹ̀ dópin. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ni kò mọ̀ pé ó wà rí.

Àpẹẹrẹ rere kò ṣàìsí. Ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ẹgbẹ́ Legacy tún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rélùwéè kan tí wọ́n kọ́ ní 1898 ṣe, wọ́n sì kó àwòrán àti ohun èlò àtijọ́ sí i. Wọ́n fi orúkọ Francis Jaekel pè é, ẹni tí ó kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà ní ìdìpọ̀ mẹ́ta.

Àmọ́ títún ilé ṣe nìkan kò tó. Àwọn tí ó ru ẹrù lọ sí Òṣogbo ti kọjá lọ. Àwọn ọmọ tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ti darúgbó. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Èkìtì tọ̀ wọ́n lọ nísinsìnyí, kí wọ́n gba orúkọ àwọn ọ̀nà, ibi ìsọ̀kalẹ̀ àti orin arẹrù sílẹ̀. Bí a bá tún ibùdókọ̀ Òṣogbo ṣe lọ́la, tí ohùn Èkìtì kò sì sí níbẹ̀, ìdajì ìtàn ni a tọ́jú. Ohun tí ó kan ará Ìsinbọ̀dé nìyẹn.