Ìhun Asopọ̀: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Àìsàn Tó Ń Báni Lọ Síbi Iṣẹ́

Àwọn àìsàn kan wà tí wọn kì í dúró sójú kan nínú ara, nítorí pé ohun tí wọ́n ń bàjẹ́ kò sí lójú kan: ó wà lábẹ́ awọ, ó yí oríkèé ká, ó wà lára ògiri òpójẹ̀, ó wà nínú ìfun àti nínú ẹyinjú, òun ló sì ń di gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyí mú kí wọ́n má baà tú. Ohun náà ni àwọn ará Jámánì ń pè ní Bindegewebe, orúkọ alákànpọ̀ tí apá kìíní rẹ̀ jẹ mọ́ dídì àti síso, tí apá kejì sì jẹ mọ́ híhun aṣọ. Johannes Müller, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin láti ọdún 1833 títí ó fi kú ní 1858, ni wọ́n ka orúkọ náà sí lọ́rùn, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Rudolf Virchow, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Charité ní ìlú kan náà, sì wà lára àwọn tó fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì alààyè wà nínú ohun híhun yìí, pé kì í ṣe ohun tó kàn ń dí àlàfo láàrin ẹ̀yà ara. Fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Berlin tàbí Hamburg, tó sì ní àrùn Ehlers-Danlos, àrùn Marfan tàbí lúpọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ náà wà lórí gbogbo ìwé tó ń gbà láti ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orúkọ kan pàtó tó lè fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu ni iṣan, ṣùgbọ́n iṣan ti ní ẹrù tó pọ̀ jù lórí. Òun ni Yorùbá ń lò fún ẹran tó ń fún apá lágbára, òun ni wọ́n ń lò fún okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, òun náà ni wọ́n ń lò fún ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ògbufọ̀ bá sọ fún aláìsàn pé iṣan rẹ̀ ló ní àléébù, aláìsàn náà lè gbà pé àìlókun ni wọ́n ń sọ, kí ó sì lọ ra oògùn agbára, nígbà tó jẹ́ pé ògiri òpójẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde ni dókítà ń bẹ̀rù kí ó má baà fẹ̀ jù kí ó sì ya, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣẹlẹ̀ nínú àrùn tí Antoine Marfan ṣàpèjúwe àmì rẹ̀ ní Paris ní 1896. Ọ̀rọ̀ tó lè fa irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí ó mọ́ni lẹ́nu tó.

Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti fi ọ̀nà lélẹ̀ fún irú ìṣòro yìí. Nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tó jáde ní 1984, àwọn ọ̀nà bíi ṣíṣe àpèjúwe, kíkan ọ̀rọ̀ pọ̀, fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ àti yíyá ọ̀rọ̀ lò ni a fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ ń lò títí di òní. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìhun ti di ọ̀rọ̀ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ fún bí a ṣe to ẹ̀yà gbólóhùn pọ̀, ọ̀rọ̀ asopọ̀ sì ni gbogbo ọmọ iléèwé girama ń pe àti, tàbí, ṣùgbọ́n àti irú wọn. Bí a bá mú ìhun láti ibẹ̀, tí a sì fi asopọ̀ tì í, a ó ní ìhun asopọ̀, orúkọ tó sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe nínú ara láìdarúkọ ibi kan, tí ẹni tó ti rí aṣọ òfì lórí òfì yóò sì lóye rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dára ju ẹran ara ìsopọ̀ lọ, nítorí pé ẹran a máa mú ọkàn lọ sí ohun tó nípọn, bẹ́ẹ̀ ibi tí ìhun yìí ti ṣe pàtàkì jù lọ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló rí. Kọ́lájìn, èròjà purotéènì tó jẹ́ òwú ìhun náà, kò nílò orúkọ mìíràn ju bí a ti ń pè é lọ. Àyálò tó ti wà lára ìgò ìpara lọ́jà kò yẹ kí ó ṣòro láti gbà.

Orúkọ àwọn àìsàn náà fúnra wọn yàtọ̀ sí èyí. Àwọn kan jẹ́ àjogúnbá, tó túmọ̀ sí pé apilẹ̀ àbùdá tó ń pàṣẹ bí a ó ṣe hun òwú náà ló ní àṣìṣe. Lára wọn ni àrùn Ehlers-Danlos, tí Edvard Ehlers, ará Denmark, kọ nípa rẹ̀ ní 1901, tí Henri-Alexandre Danlos ní ilẹ̀ Faransé fi tirẹ̀ kún un ní 1908, tí ìpínsísọ̀rí àgbáyé ti ọdún 2017 sì pín sí oríṣi 13. Nínú àwọn mìíràn, bíi lúpọ́ọ̀sì, ohun tó yẹ kí ó máa dáàbò bo ara ló dojú ìjà kọ ara, àpèjúwe bí àrùn ara-ń-bá-ara-jà sì lè gbé e dáadáa. Ní ilé, orúkọ méjì péré ni gbogbo wọn sábà máa ń jẹ́, làkúrègbé tàbí àwọ́ká. Àwọ́ká tilẹ̀ sún mọ́ òtítọ́ ju èkejì lọ, nítorí pé ìrora tó ń rìn káàkiri ara ni ó ń sọ; ní ti làkúrègbé, àgbàlagbà ni Yorùbá máa ń rò pé ó ń bá jà, nítorí náà ọ̀dọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó bá ní oríkèé ríro kì í rí ẹni gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ oríkèé gba àkíyèsí ju èyí lọ, nítorí pé ó kan Yorùbá gan-an. Òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà ní Berlin àti Hamburg fi ń mọ bí oríkèé ṣe ń tẹ̀ tó, ti Beighton, jáde láti inú ìwádìí kan tí a ṣe láàrin àwọn Tswana ní Gúúsù Áfíríkà, tí a tẹ̀ jáde ní 1973. Àmì 9 ni gbogbo rẹ̀, a ó wo ọmọ ìka ọwọ́ tó kéré jù, àtàǹpàkò, ìgúnpá àti orúnkún ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a ó sì wò ó bóyá ẹni náà lè tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láìká orúnkún. Ní 1994, ìwádìí mìíràn láàrin àwọn Yorùbá ní Nàìjíríà rí i pé oríkèé ìdá 43 nínú 100 àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ń tẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ó dunni pé nígbà tí àwọn ìwé ìmọ̀ kan tọ́ka sí àbọ̀ yìí lẹ́yìn náà, Noruba ni wọ́n kọ, bí ẹni pé ẹ̀yà kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ ni pé oríkèé tó ń tẹ̀ dáadáa kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀; ọmọ tó ń ta òkìtì lójú agbo ń gba ìyìn, kò sì sí ohun tó ṣe é. Nítorí náà orúkọ gbọ́dọ̀ ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìnira. Rírọ̀ kò lè ṣe é, nítorí pé bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, kò jìnnà sí rírọ, tó bí arọ. Dídẹ̀ ló bá a mu: okùn a máa dẹ̀, ìdè a máa dẹ̀, ohun tó dẹ̀ kò sì lè di ohun tó yẹ kí ó dì mú. Ìdẹ̀jù oríkèé ni a lè pe àìlera náà, kí okùn tó so eegun mọ́ eegun sì máa jẹ́ ìdè oríkèé, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ iṣan.

Láti ibí ni àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe ti ń ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ orúkọ kò lè ṣe. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹsẹ̀ tó rọ́, èjìká tó yẹ̀ àti apá tó kán, ẹni tó ní àrùn Ehlers-Danlos sì nílò ìyàtọ̀ náà lójoojúmọ́, nítorí pé èjìká rẹ̀ lè yẹ̀ bí ó ti ń na ọwọ́ sí ife lórí pẹpẹ, kí ó sì padà sí àyè rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Èyí tó yẹ̀ díẹ̀ tí kò yẹ̀ tán yẹ kí a máa pè ní àbọ̀ ìyẹ̀. Ó sì yẹ kí a sọ fún aláìsàn náà ní èdè tó yé e pé fífà àti títẹ̀ tí àwọn teegunteegun mọ̀ ọ́n ṣe fún eegun tó kán lè mú kí ìdè tó ti dẹ̀ túbọ̀ dẹ̀.

Bákan náà ni ìrora. Orí ni í fọ́ni, inú ni í runi, ẹ̀yìn àti orúnkún ni í roni, ẹ̀gbẹ́ ni í gúnni, egbò ni í tani. Dókítà Jámánì máa ń béèrè nọ́ńbà láti 0 dé 10, lẹ́yìn náà yóò béèrè irú ìrora tó jẹ́, ó sì ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún èyí tó ń gún, èyí tó ń ta, èyí tó ń fà àti èyí tó kàn ń ro wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tọ́ka sí ibi tí ìbàjẹ́ wà. Ògbufọ̀ tó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìrora kan ṣoṣo ti sọ ohun tí aláìsàn mú wá nù lójú ọ̀nà. Owó ògbufọ̀ náà kì í sì í ti àpò ìbánigbófò ìlera ìjọba jáde, àfi ti èdè àwọn adití, nítorí náà ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ ló sábà máa ń jókòó sáàrin, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àkójọ ọ̀rọ̀ sì lè ràn lọ́wọ́ jù lọ.

Fún àìsàn tí kò ní lọ, bárakú ni ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀. Ó péye, ṣùgbọ́n òun kan náà ni Yorùbá ń lò fún sìgá àti ọtí tó ti mọ́ ènìyàn lára, ẹni tó ti ń gbọ́ pé ọ̀lẹ ni òun kò sì nílò ọ̀rọ̀ tó dà bí ẹni pé òun ló fà á. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣe é gbé dípò rẹ̀. Àrùn ìdílé sì ń dẹ́rù ba àwọn tó ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ. Àìsàn àjogúnbá sọ òtítọ́ kan náà láìfi ìdílé náà wọ́lẹ̀. Nígbà tí àìsàn bá tún le lẹ́yìn tó ti rọlẹ̀, ohun tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Schub, kí a sọ pé ó tún gbérí. Àárẹ̀ kò nílò àtúnṣe rárá, nítorí pé nínú Yorùbá ó ti jẹ́ rírẹ̀ àti àìsàn pọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí lára aláìsàn. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ń fún un, pé kí ó má ṣe lo gbogbo okun rẹ̀ lọ́jọ́ tí ara bá yá, ti wà nínú èdè látijọ́: bí a ti ń ṣọ́ owó ná, kí ó máa ṣọ́ agbára ná.

Ibi tí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti pọn dandan jù lọ ni ibi iṣẹ́, bóyá nítorí pé owó oúnjẹ wà níbẹ̀. Bí a bá mú àpẹẹrẹ obìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Hamburg, tó ń gbé wọn dìde lórí ibùsùn títí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ fi ń yẹ̀, òfin ní kí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ san owó oṣù rẹ̀ pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó bá fi wà lórí ìsinmi àìsàn, lẹ́yìn èyí ni ìbánigbófò ìlera yóò máa san ìdá 70 nínú 100 owó tó ń gbà kí a tó yọ owó orí, láìkọjá ìdá 90 ohun tó ń mú lọ sílé, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 78 ó pẹ́ tán, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn, láàrin ọdún mẹ́ta lórí àìsàn kan náà. Bí ó bá fẹ́ padà, ètò kan wà tí gbogbo Jámánì ń pè ní àwòṣe Hamburg, tí ó fi lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí méjì lóòjọ́, kí ó gòkè sí mẹ́rin, kí ó tó dé iye tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìpadàsíṣẹ́ alákàsọ̀ bá a mu, nítorí pé àkàsọ̀ ni à ń gùn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí a sì lè sọ̀ kalẹ̀ bí ó bá le. Àmọ́ nínú gbogbo àkókò yẹn, òfin ṣì kà á sí ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́, owó àìsàn ló sì ń gbà. Bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ ipò yìí sí aláìlèṣiṣẹ́, obìnrin náà yóò rò pé wọ́n ti lé òun. Ẹni tó wà lórí ìsinmi àìsàn ló yẹ kí a pè é títí àkàsọ̀ yóò fi tán.

Ìwé mìíràn ni ti ìwọ̀n ohun tí wọ́n ń pè ní Behinderung, tí ọ́fíìsì LAGeSo ń yẹ̀ wò ní Berlin, tí Versorgungsamt sì ń yẹ̀ wò ní Hamburg, láti 20 dé 100. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá kàn ni aláàbọ̀ ara, ọ̀pọ̀ aláìsàn ìhun asopọ̀ kì í sì í fẹ́ kọ ìwé ìbéèrè nítorí rẹ̀, torí pé ọwọ́ wọn pé, ẹsẹ̀ wọn pé, wọ́n sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi ẹnu ara wọn pe ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ Jámánì náà ń sọ ni pé nǹkan dí ènìyàn lọ́nà. Òṣùwọ̀n ìdíwọ́ ni kí a pè é. Ẹni tí ìdíwọ́ rẹ̀ bá dé 50 ní ọjọ́ ìsinmi márùn-ún lé sí i lọ́dún fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, a kò sì lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìjẹ́ pé ọ́fíìsì ìjọba kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ẹni tó ní 30 tàbí 40 lè béèrè fún irú ààbò yẹn, ṣùgbọ́n kò ní rí ọjọ́ ìsinmi náà gbà.

Lẹ́tà kan tún wà tó máa ń já àyà aláìsàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá ti wà lórí ìsinmi àìsàn fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ láàrin oṣù 12, ìbáà jẹ́ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, òfin ní kí agbanisíṣẹ́ pè é síbi ìjíròrò tí a ń pè ní BEM ní kúkúrú. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún gùn débi pé ìjọ́hẹn ẹ̀sùn ni ó dà bíi létí ẹni tí Jámánì kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Ìjíròrò ìmúdúró lẹ́nu iṣẹ́ ni a lè pè é, pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́ta tó yẹ kí ó bá orúkọ náà rìn nígbàkígbà tí a bá túmọ̀ rẹ̀: pé kò sí ẹni tó fẹ̀sùn kan án, pé kò di dandan kí ó sọ orúkọ àìsàn rẹ̀, pé ó lè gbà láti lọ, ó sì lè kọ̀.